Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́ta àti Ọ̀sán Jímọ̀ Kan

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí, mo dúpẹ́ o.

Kí n tó jẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tí ẹ ò rí mi, tí mo ní ibà ń ṣe mí, tí Ìyá Ìjọ gbé àgbo wá bá mi nílé ní Gagi nírọ̀lẹ́, irọ́ ni! Ọ́fíìsì ni mo lọ. Ojú tì mí débi pé mo mu àgbo yẹn tán.

Ọ́fíìsì wa ló ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn fún àwọn ọsibítù kan, nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní mainframe. Wọ́n fẹ́ ra sọ́fítíwíà tuntun tí yóò so àwọn ọsibítù náà mọ́ ọn. Èmi ni wọ́n ní kí n dán an wò, kí n sì fọwọ́ sí i bó bá dára. Ọjọ́ ìsinmi ni mo mú, torí pé kò sí èrò lórí ẹ̀. Ó ń lọ geerege. Mo kọ ọ́ síwèé pé ó dára, ó ku kí n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́bọ̀, Àlàájì tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kofar Marke ní Sókótó níbí, ka ìwé náà. "Haba, Ìyá Tóbi! Ṣé ẹ ti dán an wò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀?"

Ta ni ò mọ̀ ní Sókótó pé tí wọ́n bá kírun tán, gbogbo èèyàn ló ń padà sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà?

Lọ́jọ́ kejì, a fi fáìlì tí kì í ṣe ti ẹnì kankan dán an wò. Aago méjì kọjá, gbogbo òṣìṣẹ́ ọsibítù wọlé sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń pe Jésù jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù Kasarawa sọ pé fáìlì aboyún lòun béèrè, ti bàbá arúgbó ló jáde. Irú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì bára mu!

Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ aboyún gidi ńkọ́? Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yẹn sí i lára? Orúkọ tèmi ni ìbá wà lábẹ́ ìwé! Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo ya ìwé náà, wọn ò sì ra sọ́fítíwíà ọ̀hún mọ́.

Ọjọ́ Olúwa ni mo jí lò, iṣẹ́ tí mo fi ṣe kò wúlò. Ọ̀sán Jímọ̀ ni Olúwa fi gbà mí. Ìyá Ìjọ, ẹ dárí jì mí. Àlàájì ló wà nínú mọ́tò níta yẹn, ó fẹ́ gbé mi délé, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní wọlé. Ẹ bá mi ké halelúyà kan tó máa bá a níbi tó jókòó sí!