Ààrò Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita, tó gbé wa ní France Road, ìyá oníbúrẹ́dì kan jókòó ti wẹ́dà tó fẹ́ bá a ṣe ààrò tuntun. Wẹ́dà gbé kọ̀ǹpútà lé itan, àwòrán ààrò náà wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ní kí ilẹ̀kùn fẹ̀ sí i, mà. Nọ́ńbà kan péré ni mo yí padà yìí."

"Àwọn pẹpẹ inú rẹ̀ náà ti fẹ̀. Ta ló sọ fún wọn?"

"Mo ti so wọ́n mọ́ra ni. Bí ọ̀kan bá yí, ìyókù á tẹ̀lé e."

"Haba. Èló lo ra ohun tó ń yàwòrán báyìí?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló para pọ̀ ṣe é, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

Nígbà tí a dé Niger Street, ìyá náà tún bojú wo àwòrán náà.

"Wọn ò mọ̀ wá," ó ní, "wọ́n sì ti ṣe é sílẹ̀ dè wá."