Fífọ Ojú Ọgbẹ́ Eyín Ajá Nígbà Méje

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ó ń gbé wa láti ọjà Kasuwar Kara lọ sí Arkilla nílẹ̀ Hausa, nọ́ọ̀sì kan rí ojú ọgbẹ́ eyín lọ́wọ́ ìyá àgbà tí ó jókòó tì í.

"Ìyá, kí ló gé yín jẹ?"

"Ajá tó ń ṣọ́ ilé wa ni. Mo ti fọ̀ ọ́ nígbà méje, mo fi iyanrìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń fọ abọ́ tí ajá bá lá."

"Háà! Ìyẹn mú ara yín mọ́ fún ìrun ni, kò lé àrùn dìgbòlugi tó wà nínú itọ́ ajá lọ. Ọṣẹ àti omi púpọ̀ ló yẹ, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì! Bí èèyàn bá sín, abẹ́rẹ́ ni."

"Ajá náà ńkọ́?"

"Ó kú lánàá. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà fi Hausa bẹ awakọ̀ pé kí ó darí sí ọsibítù.

"Ìyá, ṣé ó gé ẹlòmíràn jẹ?"

"Rárá o. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kàn ń fọwọ́ la ẹnu ajá náà, kí ó lè mu omi."

Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ bí ó ti fi ohùn àánú sọ ọ́: kí ó lè mu omi.