Ọ́pẹ́rà Tí Ìyá Bísí Lọ Wò Ṣáájú Lẹ́ńtì

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti wúwo jù. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, àmọ́ ohun tí Ìyá Bísí gbé wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ká mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Tíṣà orin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú ìwé ni mo ti fi ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, kọ́ àwọn ọmọ, mo mọ ìtàn wọn lórí, síbẹ̀ mi ò fojú kan ọ̀kan rí. Ìyá Bísí, aládùúgbò mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìkòtún. Èmi ni mo kọ́ ọ ní dò-rè-mí nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n gbé orin tí ẹnì kan máa ń dá kọ lọ́jọ́ Àjíǹde fún. Tèmi ni orin yẹn tẹ́lẹ̀. Mi ò dárí ẹ̀ jì í.

Lẹ́yìn náà ni Bísí ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àìlándì lódìkejì ọ̀sà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ́pẹ́rà fún un. Èmi ló máa ń kọ́kọ́ wá ròyìn fún. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Tíṣà, mi ò gbọ́ èdè wọn o, àmọ́ mo mọ ìgbà tí ọkàn obìnrin tó ń kọrin yẹn gbọgbẹ́. Ṣe ni mo ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà." Mo rẹ́rìn-ín, inú mi ń jó bí iná. Kí ló kàn án? Ṣebí èmi ni mo kàwé ẹ̀.

Ó lọ wo òmíràn ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Lẹ́ńtì dé ìdajì, mo lọ bá aya Fíkà, àlùfáà ìjọ wa. Mo ní inú ààwẹ̀ gan-an ni Ìyá Bísí lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń fẹnu konu lórí pèpéle. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní Lẹ́ńtì kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tóun lọ. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi Tíṣà. Àwọn ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Mo ní, "Mi ò rántí dáadáa."

Wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ orin náà lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo kọ ọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ lórí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, kò padà. Ó máa ń kọrin tẹ́lẹ̀ tó bá ń gbá iwájú ilé lówùúrọ̀. Ìgbálẹ̀ nìkan là ń gbọ́ báyìí. Ó gbà pé ọ̀gá akọrin ló fẹjọ́ òun sùn, wọn kì í kíra wọn títí dòní. Ní tèmi, ó ní ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí n gbàgbé nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wọlé wá, ó ní Bísí ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. "Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀lé mi. Ẹ óò máa sọ ọ́ sí mi létí, ohun tí wọ́n bá ń ṣe."

Mo dúpẹ́. Mo ti yan aṣọ tí mo máa wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kórìíra mi. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mi ò lọ mọ́ nìyẹn, mo sì ti dàgbà, mi ò mọ̀ bóyá àǹfààní míì á tún yọjú. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni n ó jókòó sí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún un báyìí, àbí kí n kọ́kọ́ gbọ́ orin náà?