Ògiri Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dáadáa mọ́. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò nínú rẹ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé opó ni mí, àti pé ilé oníyàrá mẹ́fà tí èmi àti ọkọ mi jọ kọ́ ni mo fi háyà fún àwọn ayálégbé. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo rò pé bí mo bá fẹ̀yìn tì, ilé yìí ni yóò máa bọ́ mi, èmi á sì máa sinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ẹnìkan má kan ilẹ̀kùn mi. "Màmá, omi kò yọ." "Màmá, páànù ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wa." "Màmá, ṣaláńgá ti kún." Bí mo bá tún èyí ṣe lónìí, ti yàrá kẹta á bá ti yàrá kẹrin jà lọ́la nítorí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó dé ibi tí mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tí mò ń dákẹ́ sínú ilé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní yàrá ẹ̀yìn, ògiri kan là láti òkè dé ilẹ̀. Ayálégbé tó wà níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kó jáde. Mo pe bíríkìlà, ó ní kí n jẹ́ kí òun wó o, kí òun tún un mọ. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kó fi sìmẹ́ńtì dí i, mo sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Mórẹ́nikẹ́ wá wo yàrá náà, tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yàrá yìí?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi." Nígbà tó kó wọlé, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ló tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ sí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbààwẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, Bíbélì wà láyà mi. N kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó dúró níbi ẹsẹ̀ mi. Aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ojú rẹ̀ kò sì ṣeé wò pẹ́. Ó ní, "Dìde, ká lọ."

Mo ní, "Baba mi, ó rẹ̀ mí."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó yíjú padà, mo sì rí i pé mo ti ń tẹ̀lé e.

Ọ̀nà náà gùn, erùpẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, ilẹ̀kùn ló tò lọ títí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró níwájú wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kì í bọ ihò, kò ṣí, wọ́n ń sáré lọ sí òmíràn, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìka wọn, iná sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo béèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Olùtọ́nà mi ní, "Ejẹ́ǹtì ni wọ́n. Wọ́n fi yàrá kan han ènìyàn mẹ́ta, wọ́n sì ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

A tún rìn. Mo rí ọkùnrin kan nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìdákẹ́. Ìgbà yòówù tó bá ṣí i, ahọ́n iná ni yóò yọ wọlé lá a lójú. Olùtọ́nà mi ní, "Onílé lòun. Bí àwọn ayálégbé rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, yóò lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ìyàwó wọn."

Lẹ́yìn èyí ni mo rí àwọn tó jókòó lábẹ́ òjò tó ń hó, tí wọ́n fi ọwọ́ bo orí. Àwọn ni wọ́n ṣí páànù lórí opó àti aláìsàn kí wọ́n lè lé wọn jáde. Àwọn ayálégbé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ba ilé onílé jẹ́ kí wọ́n tó sá lọ. Mò ń kọjá lọ, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé èmi kò ṣe irú èyí rí.

Ìgbà náà ni a dé ìdí ògiri kan. Ó ga ju igi àgbọn lọ, ó sì ti tẹ̀ síwájú, ó ń wó bọ̀, ènìyàn tò sábẹ́ rẹ̀ wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, eegun ẹ̀yìn wọn ń ró, wọn kò lè jókòó, wọn kò lè kú, bí ọ̀kan bá mí èémí ògiri á tún sún mọ́ wọn sí i, mo wò ó mo rí i pé àyè ẹnìkan ṣófo láàárín wọn, mo wo ògiri tó wà lẹ́yìn àyè náà, ọ̀dà búlúù ni, ọ̀dà tèmi ni, mo fọwọ́ kàn án ó gbóná bí ara oníbà, abẹ́ ọ̀dà náà sì ń là, ó ń là lọ, mò ń gbọ́ ọ, mo sì gbọ́ igbe ọmọ kékeré láti òdìkejì.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣàánú mi. N kò ṣe é kí ó lè pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ó ní, "Ó rẹ gbogbo àwọn wọ̀nyí náà. Àárẹ̀ kọ́ la bi wọ́n léèrè. Irọ́ tí wọ́n pa ni."

Ó fà mí dìde. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi, a sì dé ibi tí koríko rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Àwọn ilé kéékèèké wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Níwájú ọ̀kan ni mo ti rí Bàbá Adéṣínà, onílé kan ní àdúgbò wa tó ti kú. A máa ń fi bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá wá wo yàrá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, "Kànga mi máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn o, páànù mi sì ń jò lápá ibí yìí." Yàrá rẹ̀ a máa ṣófo fún oṣù púpọ̀. Ó jókòó, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, àwọn tó ti gbé ilé rẹ̀ rí jókòó tì í, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, o kú àárẹ̀."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀."

Olùtọ́nà mi ló dáhùn. Ó ní, "Kò tíì yá. Ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Padà."

Mo jí. Oòrùn ṣì mú níta, òógùn sì ti rin aṣọ mi. N kò dúró wọ bàtà. Mo lọ bá Mórẹ́nikẹ́, mo ní kó gbé ọmọ rẹ̀, kó máa bọ̀ ní pálọ̀ mi. Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó dé nírọ̀lẹ́. Ó fi òòlù kan ògiri náà lẹ́ẹ̀kan péré, sìmẹ́ńtì já bọ́, ó sì ki ọwọ́ bọnú ihò náà títí dé ìgúnpá. Ó yọ ọwọ́, ó sì yíjú sí mi.

Mórẹ́nikẹ́ dúró lẹ́yìn wa. Ó wo ihò náà, ó wo ẹní ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mo mọ̀."

Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní pálọ̀ mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò pè mí ní màmá mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń gba ènìyàn sínú ilé, kó lọ bá wọn lónìí, kó sọ ohun tó ń ṣe ilé náà fún wọn, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Bí wọ́n bá fi bi yín, ó ti pẹ́ díẹ̀.