Wọ́n Ní Kó Má Pa Mọ́tò

Ìbàdíàrán mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi, torí mo mọ̀ pé ọkọ mi, àbúrò yín, ti wá rojọ́ dídùn fún yín láàárọ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín mi láti ẹnu ọ̀nà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Èmi! Èmi tí mo wọ léèsì ti mọ́tò ní Jobele! Ṣé ó sọ ìyẹn fún yín? Ẹ ò rí i, kò sọ ọ́.

Orúnkún yín yìí ni kò jẹ́ kí ẹ bá wa lọ sí Ilora láná, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ojú wa rí kí Hannah ọmọ wa tó rí ọmọ gbé jó, ẹ̀yin lẹ bá mi kúnlẹ̀ gbàdúrà. Àtìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún ni mo ti ní orúkọ kan lẹ́nu, Olúwatóyọ̀sí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni màá pè é. Ẹ sì mọ̀ pé ilé ọkọ ló ń kọ́kọ́ sọ orúkọ, àwa ìyá ìyàwó, ẹ̀yìn pátápátá la wà, béèyàn bá pẹ́ dé, wọ́n á ti ṣe àmín, wọ́n á ti máa bu oúnjẹ.

A ò tíì jìnnà sí Fìdítì tí iná pupa, iná bátìrì, fi tàn níwájú àbúrò yín tó ń wa mọ́tò. Mo ní, Bàbá Hannah, iná wo rèé? Ó ní irọ́ ni iná ń pa, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì tuntun ni. Ẹ gbọ́ o, iná ń purọ́! Mọ́tò tó ti ń han látọjọ́ yìí bíi pé wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ níbi ẹ́ńjìnnì, tí mo ní kó gbé e lọ fún mẹkáníìkì, tó ní kò sí nǹkan kan. Èmi ni mo fi fóònù pe Sìrájù, mẹkáníìkì wa tó wà ní Ilora. Sìrájù ní ṣé ó ń han? Mo ní ó ń han. Ó ní a jẹ́ pé bẹ́líìtì ló dẹ̀, kò lè yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná mọ́, ìwọ̀nba tó kù nínú bátìrì la fi ń rìn yẹn. Ó ní ká pa éèsì, ká pa rédíò, ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun tààrà, ṣùgbọ́n Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa mọ́tò o, bí wọ́n bá pa á, kò ní í sítáàtì mọ́. Àbúrò yín gbọ́. Òun gan-an ló dáhùn pé a ti gbọ́.

A pa éèsì. Ooru mú mi, pọ́dà ojú mi ṣàn wọ ọrùn, mi ò ráhùn, inú mi ń dùn, mo ń pe orúkọ ọmọ mi lábẹ́lẹ̀. A dé Jobele, ta la rí létí títì? Bàbá Obadiah, olórí ẹbí àwọn àna wa, nínú agbádá, àwọn náà ń wá ọkọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ wa. Mo ní kó rọra dúró kí n ṣílẹ̀kùn fún bàbá. Ó dúró lóòótọ́. Ó sì pa mọ́tò! Ó ní a kì í jókòó kí àna, ká tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa bú mọ́ àgbà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, bàbá ń ní dìde, dìde, kò dìde.

Ìgbà tó dìde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Ó tún un yí. Kẹ́.

Ìbàdíàrán, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá tó dọ̀bálẹ̀ fún náà ló wá ń ti mọ́tò rẹ̀! Òun jókòó sídìí sítíàrì, torí òun ni dírẹ́bà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àna nìyẹn? Bàbá ká agbádá lé èjìká, bàtà mi já, mo ń tì, mo ń sunkún, mo ní bàbá, orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ mi ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní orúkọ wo, ni mo bá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn nínú òógùn. Wọ́n kàn ní ká tún tì í, ni mọ́tò bá yí wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bú.

A dé Ilora, wọ́n ti ń retí wa tipẹ́, torí ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ láìsí olórí ẹbí? Sìrájù wá gbé mọ́tò lọ, ó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, iná náà kú. Bàbá gba ọmọ sọ́wọ́, ìyá ọkọ Hannah ti ń tún gèlè ṣe láti sọ̀rọ̀, bàbá ní ẹ ní sùúrù, ẹni tó bá mi ti mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo pè é. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu mi, Olúwatóyọ̀sí, Olúwatóyọ̀sí, omi bọ́ lójú mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun mí nìyí. Bí a ṣe ń padà bọ̀, àbúrò yín ní, ṣé o rí i, ká ní mi ò pa mọ́tò, ṣé wọn ì bá pè ọ́ ṣáájú? Láti àná ni mo ti ń wá èsì, mi ò rí. Ẹ̀yin rí? Ẹ̀yin náà ò rí, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín.

Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́, mi ò ní í fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí a bá rí àgbà lọ́nà, èmi ni màá sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀. Kí òun jókòó, kí mọ́tò máa bú.