Oúnjẹ Ìyá Káfílà Kọ́ Ló Pa Ràmátù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe béèrè orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ mi ò gbọ́ ọ. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Sakété ni wọ́n bí mi sí, ní apá Kútọnu. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ràmátù la jọ wá kàwé ní Yábàá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá Ràmátù ni wọ́n fi wá sí ní Mùṣín. Ìyá Káfílà là ń pè é, télọ̀ tó ń rán aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ni. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Káfílà, ọmọ tirẹ̀, kò rí iléèwé wọ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A ti dé, àmọ́ ẹ̀kọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ń sún un síwájú ṣáá. Ìyá Káfílà ní kò dáa ká jókòó sílé bí arúgbó, ká máa jáde lọ́jọ́ Sátidé. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa. Ó ní, “Ẹ lọ síbi tó bá wù yín o, omi nìkan ni kẹ́ ẹ má dé. Omi Èkó ò mọ àlejò.”

A rìn o. Ní Tejúoṣó, Ràmátù fi Faransé ná aṣọ, ọlọ́jà náà sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀rín fi mú omijé bọ́ lójú wa. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, a kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, à ń wo ayé bó ṣe ń sáré kọjá. Ó yẹ kí ìyẹn tó wa. Èmi ni kò tó.

Èmi ni mo ní ká lọ sí Ìwáyà. Mo ti rí àwòrán ọ̀sà ibẹ̀ lórí fóònù, mo sì fẹ́ ní tèmi tí màá fi yangàn fún àwọn ará ilé. Ràmátù kò fẹ́ lọ. Mo pè é ní ojo. Ó sì tẹ̀lé mi, bó ṣe máa ń tẹ̀lé mi láti kékeré.

Apẹja kan ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa, ó sì kìlọ̀ pé ká jókòó jẹ́ẹ́. Mo dìde láti ya fọ́tò. Ọkọ̀ yẹ̀, Ràmátù ṣubú. Ọkùnrin náà yára fà á jáde, àmọ́ ó ti mu nínú omi dúdú yẹn. Ó wúkọ́ títí, ó bì, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo mú un búra pé kò ní sọ. A ra òkìrìkà ní Yábàá, ó pààrọ̀ aṣọ, a ju èyí tó tutù nù. Nígbà tá a délé, Ìyá Káfílà ti fi ẹja se ọbẹ̀ dè wá. Ràmátù jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti gbóná, àyà rẹ̀ sì ń dún. Mo ní ibà lásán ni. Ó ń wò mí, mo ń yíjú kúrò. Ìgbà tí kò lè mí dáadáa mọ́, a gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, kí ló jẹ, kí ló mu. Ìyá Káfílà dúró tì mí. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á dá mi padà sí Sakété. Mo ní, “Àtìgbà tó ti jẹ ẹja àná ni.”

Inú ni wọ́n ń tọ́jú, àyà ló sì ń pa á lọ. Bóyá wọn ì bá rí i fúnra wọn bó bá pẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ràmátù kú láì jókòó ní kíláàsì rí.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ìyá rẹ̀ kò wá, nítorí òbí kì í dé ojú sàréè ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa. Orí fóònù ló ti ń sunkún bi mí pé kí ni ọmọ òun jẹ kẹ́yìn. Mo sọ fún un. Ẹja ló jẹ kẹ́yìn lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ nígbà yẹn.

Àwọn ẹbí parí ìyókù. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Káfílà kò rí iléèwé wọ̀, ló ṣe pa ti àbúrò rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Ìyá Káfílà kò sì fi ẹja se ọbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀, torí inú ilé rẹ̀ ni mo gbé títí mo fi jáde iléèwé, tí mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ta ló fẹ́ bá tèmi, nígbà tó jẹ́ èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Káfílà ránṣẹ́ pè mí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà máa ń tọrọ àforíjì kiri kó tó lọ. Mi ò tíì jókòó tó ti kúnlẹ̀. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ, lórí eékún níwájú mi.

Ó ní, “Ọmọ mi, mo fọ ẹja yẹn dáadáa. Mo ti rò ó títí, mo fọ̀ ọ́. Àmọ́ bóyá ojú mi ò tó o. Torí Ọlọ́run, dárí jì mí, kó o sì bá mi bẹ àbúrò mi. Kì í gbé fóònù mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, mi ò ní lè tẹ Sakété mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ọkọ mi á lè wo ojú mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, obìnrin yìí á lọ máa bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Ẹ má bú mi jù. Mo ti bú ara mi tó, pàápàá nítorí èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà. Mo fà á dìde, mo nu ojú rẹ̀, mo ní, “Ìyá, mo ti dárí jì yín.”