Ìwé Ìpadàbọ̀ Tí Mo Gbà Kúrò Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, ọpẹ́ náà sì ń pa mí. Bó ń wa iṣu lóko, bó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, yóò sọ fún ẹni tó bá pàdé lẹ́sẹ̀ òkè pé, "Bí kì í bá ṣe lẹ́tà tí ọmọ mi kọ, ta ló mọ ohun tí ojú mi ì bá rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn?" Háà! Bí ilẹ̀ bá lanu ní wákàtí bẹ́ẹ̀, n ó wọ ibẹ̀ lọ. Mo kàwé, mo gboyè. Èmi ni mo ń dúró lórí àpáta nítòsí ọjà Ìdàáṣà tí mo ń bá ìjọba wí nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn àgbẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo gba ìwé ìpadàbọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá tó bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Felisitẹ, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí wa létí òkun, níbi tí ọkọ náà ti ń ṣiṣẹ́ igi gẹdú. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, ó ránṣẹ́ pé kí Ìyá wá, ẹ̀rù ń ba òun. A kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà, àwa àti àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í gba físà lọ́dọ̀ ara wa. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, sọ pé àlejò tí kò gba físà gbọ́dọ̀ fi ìwé ọkọ̀ tí yóò fi padà hàn wọ́n, kó lè dá wọn lójú pé kò wá jókòó tì wọ́n. Ó ra ti àlọ, ó ra ti àbọ̀, ó kó méjèèjì fún Ìyá. Ìyá kò fẹ́ fọwọ́ kan ti àbọ̀. Lọ́dọ̀ wa lórí òkè, ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun kì í dá ọjọ́ ìpadà. Ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ọṣẹ àti iyọ̀ fún un. Ẹni tó bá ti dá ọjọ́ ṣáájú, wọ́n ní ó ń dá ọjọ́ ìlọ fún ọmọ tí kò tíì dé.

"Ìyàwó, fi há ìdí ìró, má ṣe wò ó," Bàbá Kékeré ń rẹ́rìn-ín. "Bí o kò bá ti wò ó, ìwọ kọ́ lo dá ọjọ́."

"Ọkọ mi, ẹ̀yin ará ọkọ̀ ojú irin, Ọlọ́run pàápàá ẹ lè tàn án!"

Bẹ́ẹ̀ ló gbà á. Kí ló wá kàn mí? Inú ló bí mi. Dúdú ń lọ sọ́dọ̀ dúdú, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun yóò lọ! Òyìnbó tó fi ìlà pín ilẹ̀ wa, ta ló bi í léèrè ìwé ìpadà? Mo sin Ìyá dé Kùtọ̀nú, mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ọkọ̀ ojú omi, mo ní kí wọ́n gba ti àbọ̀ padà, ẹni tí kò gba físà, kí ni yóò fi ìwé ìpadà ṣe? Akọ̀wé ibẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu.

"Mùsíè, ẹni tó ní físà, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán kó tó gbéra. Ẹni tí kò ní gan-an ni wọ́n ń bi bí yóò ṣe padà."

Mo ní kó lọ ka òfin kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń wo ìkéde tí wọ́n kọ òfin náà sí lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀! Mo mọ̀. Mo rò pé wọn yóò kàn yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀ ni, wọn yóò sì jẹ́ kó kọjá, kí n lè rí ẹjọ́ tí n ó fi pariwo. Owó tí wọ́n dá padà, bébà ìpolongo ni mo fi rà. Mo wá kọ lẹ́tà kan ní Faransé, mo ní, "Ìyá, bí wọ́n bá bi yín léèrè ohunkóhun, ẹ fún wọn ní èyí." Inú rẹ̀ dùn. Èèwọ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Kò pé oṣù kan, Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìdàáṣà. Ẹrù kànrìnkàn àti òrí tó dì fún ọmọ, okùn rẹ̀ kò tíì tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ó rí ọkọ Felisitẹ lókèèrè létí omi, ó ń juwọ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ tó gbé e lọ dá a padà. Ó ní lẹ́tà mi ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dé. Èmi ni mo ń ka ìwé nílé wa, gbogbo wọn sì jókòó sórí ẹní yí mi ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní ọ̀gá tó wà ní ẹnubodè ti gbà kí òun lọ ra ìwé ìpadà fún Ìyá lójú ẹsẹ̀. Òun sá lọ rà á. Kí òun tó dé, Ìyá ti na lẹ́tà mi sí ọ̀gá náà nínú ọkọ̀. Mo pè é ní ajá ọdẹ òyìnbó nínú rẹ̀! Ọ̀gá náà ka lẹ́tà náà sókè fún ọkọ Felisitẹ, ó ní ẹni tó ni lẹ́tà yìí kò ní sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe ìwé ìpadà mẹ́wàá ni wọ́n rà. Mo wúkọ́, mo fo gbogbo ìlà wọ̀nyẹn, mo sì bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e láìmọ̀: Felisitẹ bí obìnrin lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n dá Ìyá padà, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó ń pe Ìyá títí ó fi dákẹ́. Mo ti kà á jáde kí n tó mọ ohun tí mo ń kà! Igbe tí Ìyá ké, àwọn tó wà lóko ní Soclogbo ní àwọn gbọ́ ọ. Ta ni yóò bi mí léèrè ìlà tí mo fò?

Wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni. Tèmi ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jà fún òtítọ́, ìjà yín dára, ṣùgbọ́n orí ara yín ni kí ẹ fi jà á, ẹ má ṣe fi orí ìyá yín ṣe apata.

Ní báyìí, ọkọ Felisitẹ ti ránṣẹ́ pé kí Ìyá wá gba ọmọ. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìwé ọkọ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àna rẹ̀ yóò wà létí omi, ohun gbogbo ni yóò sì sọ. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ṣé kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi níbí, kó sì fi mí bú kó tó lọ ni? Àbí kó gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọmọ Felisitẹ lọ́wọ́ rẹ̀?